Ọ̀gágun Nínú Yàrá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì 2025

Àlejò ti dé. Adébọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ajagunfẹ̀yìntì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Àbújá. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gágun ni mo pè é. Ibí nìkan ni mo ti lè pè é bẹ́ẹ̀ láìkúnlẹ̀.

Àyẹ̀wò ojú ló bá wá sí ìlú òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní. Ojú méjì, àpótí mẹ́rin.

A ti tún yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣe dè é — bẹ́ẹ̀dì tuntun, kọ́tìnnì tuntun, mo tilẹ̀ wọ́n lọ́fínńdà síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó. "Ìyàwó, ṣé ibi tí ẹ ń kó ẹrù sí nìyí?" Kò pariwo o. Kò tilẹ̀ fajú ro. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ọkọ mi bá ní kò burú, kí Ẹ̀gbọ́n gba yàrá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ wa, èyí tó kọjú sí títì, tó ní tábìlì ńlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń múra ìdánwò àṣekágbá! Àwa mẹ́ta la ṣe ìpàdé náà lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ni yàrá wà nísàlẹ̀, ó ń po tíì fún àlejò.

"Jẹ́ kó gbà á, kí ilé lè tòrò," ọkọ mi sọ ọ́ sí mi létí. Kọ́láwọlé. Onísùúrù mi. Orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé yìí náà nìyẹn.

Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Ó bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ bàtà wọlé. Ọ̀gágun dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà rẹ̀, kò bọ́ ọ, kò sì sọ pé òun ò ní bọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ń wò. Nígbẹ̀yìn Alàgbà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ọ fún un, wọ́n sì gbé àga fún un níwájú. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mi ò bèèrè pé ìrẹ̀lẹ̀ ta ni.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

Rìmóòtù ti bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gágun. Híítà náà. Ilé gbóná bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Kò sẹ́ni tó jà.

Ẹtì, 14 Oṣù Kejì

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé láti ilé-ìwé, ó ju báàgì sílẹ̀. Díbéètì àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Barking lóṣù tó ń bọ̀. Kókó rẹ̀: pé ó sàn kí a bá apàṣẹwàá tó ń halẹ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ dúnàádúrà, kí a fún un ní díẹ̀ nínú ohun tó ń fẹ́, ju kí a bá a jà lọ. Wọ́n fi ọmọ mi sí ẹgbẹ́ tó máa gbè é lẹ́yìn. Ó ní, "Mọ́mì, they gave me Chamberlain!" — bí ẹni pé àrùn ni wọ́n kó ràn án.

Mo ní ta ni Chamberlain. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣàlàyé. Olórí ìjọba ilẹ̀ yìí ni, ní 1938. Hitler ní òun fẹ́ gba apá kan ilẹ̀ Czechoslovakia. Chamberlain wọ bàálù lọ bá a ní Munich, òun àti àwọn alágbára mìíràn fọwọ́ sí i pé kó gbà á. Ó padà sílé, ó ń ju bébà nínú afẹ́fẹ́, ó ní àlàáfíà ti dé. Àwọn tó ni ilẹ̀, wọn ò jẹ́ kí wọ́n jókòó sí ìpàdé. Kò pé oṣù mẹ́fà tí Hitler fi wọ Prague, olú-ìlú wọn. Kí ọdún tó yí po, ogun ti bẹ́.

Mo ní kí ló wá burú nínú kí èèyàn wá àlàáfíà.

Ó ní kí n tún bi òun nígbà tí òun bá ní tábìlì. Ìdí síńkì nínú ìdáná ló ti ń kàwé.

Àìkú, 16 Oṣù Kejì

Ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n: ogun Ukraine, àti pé wọ́n fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀. Ọ̀gágun kàn mi orí. Ó ní ẹni tó bá ti gba ilẹ̀, tí wọ́n wá ń bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ̀rọ̀, onítọ̀hún ti jẹun yó, ó kù kí wọ́n bu omi ìfọwọ́ fún un.

Ó ti gbọ́ nípa díbéètì. Inú rẹ̀ dùn! Ó ní iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn. Láyé ìjọba ológun, òun ló ń gba àlejò àwọn aṣojú tó bá ti òkè òkun wá — àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó wà látìmọ́lé, àwọn tó wá halẹ̀, àwọn tó wá ṣe méjèèjì kí wọ́n tó lọ. Ó pe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jókòó.

Mi ò ní parọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ó ní àwọn èèyàn rò pé apàṣẹwàá mọ ibi tí òun ń lọ. Irọ́ ni. Ó ní kì í mọ̀ ọ́n, àwọn ẹlòmíràn ló ń fi hàn án. Ó mú búrẹ́dì orí tábìlì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "A ó tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rọ̀, a ó tún tẹ̀." Búrẹ́dì náà kò gbérí mọ́. Èmi ni mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì — rárá, mo ń sáré kọ̀wé, ọjọ́ kejì kò tí ì dé. Èmi ni màá jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì

Mo gbẹ̀bí ìbejì níbi iṣẹ́ lónìí. Àwọn náà ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò, wọ́n jáde.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì

Dókítà ní ojú Ọ̀gágun mọ́ kedere. A dúpẹ́. Mo ti ń ronú pé ta ló máa sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ó ní òun máa dúró kí òtútù Àbújá — rárá, ó ní kí òtútù ibí lọ tán kí òun tó máa lọ. Kí ẹni tí òtútù ń mú dúró de òtútù! Kò tọrọ rẹ̀, ó kéde rẹ̀ ni.

Onísùúrù ní òtútù ò ní pẹ́ lọ. Mo ní ní ìlú wo?

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ọkàn mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

A ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ bi í bóyá aṣojú kan wà rí tó fún wọn ní wàhálà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan kù díẹ̀ kó fún wọn.

Akọ̀ròyìn kan wà látìmọ́lé nígbà náà, ó ti kọ ohun tí olórí ìjọba kò fẹ́. Ìlú kan rán aṣojú wá nítorí rẹ̀. Ọ̀gágun kò dárúkọ ìlú náà, ó kàn ní ọkùnrin náà ga, ó sì mọ̀wà hù. Olórí ti pàṣẹ sílẹ̀: bí aṣojú yìí bá le koko, kí wọ́n fún un ní èèyàn rẹ̀ kó máa mú un lọ. Ìlú yẹn ń ra epo lọ́wọ́ wa, a ò ní torí akọ̀ròyìn kan ba ọjà jẹ́. Nítorí náà wọ́n mú akọ̀ròyìn náà jáde ní àtìmọ́lé. Wọ́n gé irun rẹ̀. Wọ́n fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́. Wọ́n fi í jókòó sí yàrá kejì, ó ń dúró. Ògiri kan péré ló wà láàárín òun àti ẹni tó wá gbà á.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún aṣojú. Ó ní ìjọba òun ń ṣàníyàn gidigidi. Ọ̀gágun ní àwọn ti gbọ́. Aṣojú ní àwọn fẹ́ kí wọ́n tú akọ̀ròyìn náà sílẹ̀. Ọ̀gágun ní ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé ẹjọ́. Aṣojú nawọ́ sí ife. Ó mu omi. Ó wá ní, bí ìyẹn kò bá rọrùn, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí dókítà máa yẹ ọkùnrin náà wò?

"Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti fi í sílẹ̀ fún wa. Mo ní dókítà kò ṣòro. Ó dúpẹ́! Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́."

Wọ́n dá akọ̀ròyìn náà padà pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí wọ́n lọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní, dókítà náà ńkọ́, Dádì Àbújá? Ó ní dókítà wo? Ọmọ mi ní, ọkùnrin náà ńkọ́? Ó ní ó kú kí òjò ọdún yẹn tó dá. Lẹ́yìn náà ó wo inú abọ́. "Ìyàwó, ẹja yìí dùn. Ṣé ó kù?"

Mo bu ẹja fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú.

Ẹtì, 28 Oṣù Kejì

Wọ́n lọ aṣọ rẹ̀.

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀gágun ti ń fura pé ọmọ lè lọ sọ ìtàn náà níta. Ó ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ó ní òun ní orúkọ. Onísùúrù gun òkè lọ bá a, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. A ti yanjú ẹ̀, ó ní. Àdéhùn: Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ò ní mẹ́nu ba akọ̀ròyìn yẹn. Ọ̀gágun náà yóò jẹ́ kó máa lo tábìlì lọ́sàn-án. Yóò sì bá wa lọ síbi díbéètì, kó lè ṣe ojú rere sí ọmọ.

"So I get to borrow my own desk," Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí. "Ẹ ṣé, Dádì." Onísùúrù rò pé ọpẹ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ọ̀sán ni Ọ̀gágun ń sùn. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Ọmọ náà ti mú Chamberlain ní pàtàkì. Mo rò pé yóò kàn ka nǹkan lásán kó jókòó. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá máa gbèjà ẹnì kan, òun máa gbèjà rẹ̀ dáadáa. Ó ń bá mi sọ ọ́ bí mo ṣe ń gé ilá. Ó ní ọkùnrin yẹn kì í ṣe ojo. Ó ní àwọn tó ń ṣèjọba fún ti sin ọmọ wọn nínú ogun àkọ́kọ́, kò sí ilé tí kò ní àwòrán òkú lára ògiri. Ta ló máa fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀? Ó ní ọ̀pọ̀ ogun tí kò yẹ ni wọ́n sì ti fi orúkọ Munich bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà — Suez, 1956, wọ́n ní Nasser tó gba ọ̀nà omi ibẹ̀ ni Hitler tuntun. Gbogbo alágídí kọ́ ni Hitler, Mọ́mì.

Mo ní báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tó jẹ́? Ó ní ohun tí òun kò tí ì rí ìdáhùn sí nìyẹn.

Ìró rìmóòtù nìkan là ń gbọ́ lókè.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù. Ọ̀gágun wọ kóòtù dúdú, ó jókòó síwájú pátápátá, àga tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí. Onítọ̀hún dé, ó wò ó, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mi. Ó ní kí a fi ara wa sípò ẹni tí kò mọ ọjọ́ iwájú. Ó ní ilẹ̀ yìí kò ní bàálù ogun tó tó, pé ọdún kan tí wọ́n rí gbà ni wọ́n fi rọ àwọn tó gbà wọ́n là. Mo ń rí i lójú àwọn èèyàn, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀. Ọmọ tó dojú kọ ọ́, Amatullah, ọmọ tó gbọ́n gan-an, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú bébà rẹ̀. Onísùúrù ń nu ojú. Bóyá òun náà kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbèjà òun rí.

Wọ́n wá ní kí ẹni tó ní ìbéèrè dìde. Ọ̀gágun dìde.

Kò ní ìbéèrè. Ẹ̀rí ló fẹ́ jẹ́. Ó ní ọmọ òun ni ẹ ń wò yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun mọ ohun tí òun ń sọ. Ó ní àwọn tó wá pariwo mọ́ wa, a ò gbàgbé wọn, wọ́n dà wá láàmú. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ wá? Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ súre. "We loved them. They never gave us any trouble at all."

Ó jókòó. Ó rọra tún kóòtù ṣe.

Lẹ́yìn náà obìnrin kan lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Amatullah ká bébà rẹ̀, kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ ìkádìí ọmọ mi. Ó dìde, ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ títí. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì Àbújá, òun kò ní nǹkan tí òun lè fi kún un. Ó jókòó.

Àwọn tó dìbò fún wa, mo lè fi ọwọ́ kan kà wọ́n, títí kan bàbá rẹ̀.

Barking sí Upney tí à ń gbé, ibùdókọ̀ kan péré ni lórí ọkọ̀ ojú irin District line. Nínú ọkọ̀ Ọ̀gágun ní, "Ṣé a borí?" Onísùúrù ní, "Ẹ gbìyànjú gan-an, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kọjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni o.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Mo ti ṣe é.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọ̀gágun ní òun ti ronú: àpótí òun ti ń há òun mọ́ nínú yàrá. Kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kó kúrò ní yàrá kékeré ẹ̀yìn tó ti ń sùn, kí òun fi kó ẹrù sí. Sófà wà ní pálọ̀, ọmọdé lè sùn níbikíbi. Ó ní òun ti pinnu láti lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, wọ́n ní ó máa ń dára.

Mo wo Onísùúrù. Ó ti la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀, mo ti bá a gbé ogún ọdún. Mo ṣáájú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Abímbọ́lá ò ní ẹ̀kọ́ ilé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Kò sí yàrá kejì. Àkọ́kọ́ gan-an, mo fẹ́ gbà á padà fún ọmọ mi. Kó tó di Àbámẹ́ta."

Mo ti ronú gbogbo ohun tó lè sọ: pé ta ni mí, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ sílé, pé òun máa pe ẹbí jọ, pé kí Kọ́lá wá gbọ́ ohun tí aya rẹ̀ ń sọ. Mo ti ní ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tilẹ̀ ti fi wọ́n dánra wò níbi iṣẹ́, obìnrin tó ń rọbí ń wò mí.

Ó ní, "Ó dáa."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó dáa. Ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú mi tí mi ò tí ì lò.

Mo lọ sí bálùwẹ̀, mo ṣí omi, mo sunkún gan-an. Kì í ṣe nítorí yàrá. Nítorí bó ṣe rọrùn tó ni.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Níbo ni yóò wá lọ? Kò tí ì fẹ́ padà sílé. Onísùúrù ló rí ojútùú: Fẹ̀hìntọlá, àbúrò wọn obìnrin, àbígbẹ̀yìn, tó ń gbé ní Beam Park, níbi tí wọ́n kọ́ fúláàtì tuntun sí lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ Tósìn nìkan ni. Fúláàtì gbígbóná, líìfùtù wà, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì wà nítòsí. A ń yìn ín bí ẹni pé àwa la kọ́ ọ. Ọ̀gágun ní kò burú. Èmi náà ní ibẹ̀ yóò bá a lára mu ju tiwa lọ.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé orí sókè nínú ìwé. "Has anyone asked Aunty Fẹ̀hìn?"

Bàbá rẹ̀ ní òun máa pè é tí a bá jẹun tán.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Àpótí mẹ́rin ti jáde. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ṣí fèrèsé, ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, kò tilẹ̀ kàwé. Ilé tutù. Ilé tòrò.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Fẹ̀hìntọlá pè mí níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo rò pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Ẹ̀gbọ́n ti gba yàrá Tósìn. Tósìn ń sùn ní pálọ̀. Ní báyìí ó ní ẹ̀yìn ń dun òun lórí bẹ́ẹ̀dì Tósìn, ó ń wo yàrá ti Fẹ̀hìntọlá fúnra rẹ̀. Kò tí ì sọ nǹkan. Ó kàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún un pé rárá ni?"

Mo mọ ìdáhùn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, níbo ni ọkùnrin náà máa gbé àpótí rẹ̀ lọ?

Mo ní kó fara balẹ̀. Mo ní àgbà ni, ọ̀wọ̀ ló kàn ń wá. Mo ní bó bá ti gba yàrá yẹn, kò ní bèèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an.